Olúmọ Ni Kí Á Kọ́kọ́ Gùn

Ọ̀rọ̀ kan wà níwájú ìgbìmọ̀ ẹ̀ka wa ní Òṣòdì àti Ìsọlọ̀ tí mo fẹ́ kí gbogbo ẹgbẹ́ bá wa dá sí. Àwọn ọ̀dọ́ wa bẹ̀bẹ̀ pé kí ẹgbẹ́ kó wọn jáde lọ gun àpáta, ní àkókò tí ọyẹ́ bá ti kásẹ̀ nílẹ̀ tí òjò kò sì tíì fi gbogbo ara dé, èyíinì ni láti àárín oṣù kẹta sí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹrin. Ẹ̀bẹ̀ náà dára, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, nítorí ó pẹ́ tí a ti ń jókòó nínú yàrá tí a ń sọ̀rọ̀ ilẹ̀ Yorùbá láìfi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́. Àríyànjiyàn kan ṣoṣo tí ó kù ni ti ibi tí a ó lọ. Àwọn tí ó pọ̀ jù ń fẹ́ Ìdànrè. Àwọn díẹ̀ ń fẹ́ Àdó-Àwáyè. Ẹnìkan dárúkọ Zuma. Àwọn tí ó ní kí á lọ sí Olúmọ kò ju mẹ́ta lọ, ẹ̀rín ni a sì fi dá wọn lóhùn. Wọ́n ní ibi tí àwọn ọmọ ilé-ìwé kékeré ń lọ jẹ ìrẹsì ni. Lẹ́yìn àwọn mẹ́ta wọ̀nyí ni mo wà, èmi yóò sì sọ ìdí rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ mọ irú ẹni tí àwa fúnra wa jẹ́. Ọmọ ilẹ̀ pẹrẹsẹ ni wá. Láti Máfọlúkù títí dé Ọ̀kọ́tà, kò sí àpáta kan ṣoṣo tí ó yọrí láti inú ilẹ̀. Iyanrìn àti amọ̀ ni ìlú Èkó jókòó lé. Àwọn onímọ̀ nípa ilẹ̀ sọ fún wa pé àpáta wà lábẹ́ wọn, ṣùgbọ́n ó jìn lọ sísàlẹ̀ púpọ̀. Bí a bá sì ti ń lọ sí àríwá ni ó ń gòkè bọ̀ díẹ̀díẹ̀, títí yóò fi yọ síta ní agbègbè Abẹ́òkúta. Òkúta tí ọmọ Ìsọlọ̀ mọ̀ ni èyí tí a fọ́ wẹ́wẹ́, tí ọkọ̀ akẹ́rù dà sílẹ̀ níwájú ilé tí a ń kọ́ lọ́wọ́. Òkè tí ó ga jù tí ó ti gùn ni afárá ẹlẹ́sẹ̀ Òṣòdì, ìyẹn náà sì rèé, eré ni ó fi ń gùn ún kí ọkọ̀ má baà fi í sílẹ̀. Mo mọ̀ pé alágbára ni púpọ̀ nínú wọn. Wọ́n ń gbá bọ́ọ̀lù, wọ́n ń gbé irin wúwo. Ṣùgbọ́n agbára pápá ọ̀tọ̀, ti àpáta ọ̀tọ̀. Ẹni tí kò bá fi àtẹ́lẹsẹ̀ kan àpáta dídagun rí, ọmọ ìrákòrò ni lórí rẹ̀, bí apá rẹ̀ ti wù kí ó nípọn tó.

Èdè wa kò ṣàìní ọ̀rọ̀ fún iṣẹ́ yìí. Àwa a máa ya òkè sọ́tọ̀ kúrò lára àpáta, a sì ya àpáta sọ́tọ̀ kúrò lára òkúta. A ń pọ́n òkè, a ń gun àpáta, a ń gun ọ̀pẹ. Mo mọ̀ọ́mọ̀ fi ọ̀pẹ kẹ́yìn. Àwọn ọ̀dọ́ wa ti rí i nínú ẹ̀rọ amóhùnmáwòrán pé a fi eré gígun ògiri àti àpáta kún ìdíje Òlíḿpíìkì, èyí tí a kọ́kọ́ ṣe ní Tokyo ní ọdún 2021, wọ́n sì ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé òkè òkun ni ọgbọ́n fífi okùn gun nǹkan ti wá. Kí wọ́n béèrè lọ́wọ́ akọpẹ. Akọpẹ a máa fi igbà so ara rẹ̀ mọ́ ọ̀pẹ, a máa fi ara ti igbà sẹ́yìn kí ẹsẹ̀ rẹ̀ lè di igi mú, ojú rẹ̀ kì í sì í kúrò lára igbà náà, nítorí ẹ̀mí rẹ̀ ni ó so mọ́ ọn. Ta ni nínú yín tí ó rí akọpẹ tí ó fi ọ̀pẹ tí ó ga jù nínú oko bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́?

Nítorínáà, kí á mọ ohun tí a ń lọ ṣe. Gígun ògiri àpáta tí ó dúró ṣánṣán, tí a ń fi okùn, àmùrè àti àṣíborí ṣe, iṣẹ́ tí a ń kọ́ lọ́wọ́ olùkọ́ ni, a kò sì ní irú olùkọ́ bẹ́ẹ̀ nínú ẹ̀ka wa. Okùn tí a fi ń sá aṣọ kì í ṣe okùn àpáta. Ohun tí a lè ṣe ní ọdún yìí ni kí á fi ẹsẹ̀ àti ọwọ́ gun àpáta dídagun, ní ọ̀nà tí àwọn ènìyàn ti ń gbà tipẹ́tipẹ́, pẹ̀lú ẹni tí ó mọ ibẹ̀ níwájú wa.

N kò ní ohunkóhun lòdì sí Ìdànrè. Bí a bá ní kí á ka àwọn ibi tí ó yẹ kí ojú ọmọ Yorùbá rí kí ó tó kú, Òkè Ìdànrè yóò wà lára mẹ́ta àkọ́kọ́. Orí òkè náà ni ìlú àtijọ́ wà. Àwọn ará Ìdànrè gbé ibẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún, kò sì ju nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún lọ tí wọ́n sọ̀ kalẹ̀ wá sí ìsàlẹ̀. Ààfin Ọwá àtijọ́ ṣì wà níbẹ̀ di òní, bẹ́ẹ̀ ni ilé ẹjọ́ àti ilé-ìwé tí a kọ́ ní ayé àwọn òyìnbó. Ní 2007 ni a fi orúkọ òkè náà sínú ìwé àwọn ibi tí orílẹ̀-èdè wa ń fẹ́ kí àjọ UNESCO kà mọ́ ogún gbogbo ayé. Ẹni tí ó bá fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ dé ààfin náà, tí ó sì rò ó pé lórí ẹsẹ̀ ni a fi ru gbogbo igi àti òpó ilé wọ̀nyẹn gòkè, kò ní padà sílé bí ó ti wá.

Ṣùgbọ́n ẹ wo bí yóò ti rí fún àwa. Ọ̀nà Ìdànrè súnmọ́ 300 kìlómítà láti Òṣòdì. Bí a bá jí kúrò nílé ní kùtùkùtù, ọ̀sán gangan ni a ó dé ẹsẹ̀ òkè, ní wákàtí tí àpáta ti mu oòrùn yó tí ó sì ń tú u jáde bí ààrò. Níwájú wa ni àtẹ̀gùn tí ó lé ní 600 yóò wà, kì í sì í ṣe òpin ìrìn nìyẹn, nítorí ìlú àtijọ́ ṣì wà níwájú lẹ́yìn àtẹ̀gùn. Bí ènìyàn 30 bá jáde, kò ní ṣàìsí mẹ́fà tàbí méje tí èémí yóò tán lára wọn kí wọ́n tó dé ìdajì. Kí ni a ó ṣe sí wọn? Bí a bá fi wọ́n sílẹ̀, ìwà ìkà ni. Bí gbogbo ẹgbẹ́ bá dúró dè wọ́n, ilẹ̀ yóò ṣú bá wa lórí òkè. Bí a bá sì fi ìtìjú lé wọn gòkè, a ó rí ẹsẹ̀ tí ó yẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ń sọ̀ kalẹ̀. Èyí tí ó dùn mí jù ni pé àwọn mẹ́fà náà kò tún ní bá wa jáde mọ́. Wọn yóò sọ fún ara wọn pé àpáta kì í ṣe tiwọn, ẹgbẹ́ yóò sì ti fi owó tirẹ̀ ra ìkórìíra fún ohun tí ó fẹ́ kí wọ́n nífẹ̀ẹ́.

Ti Àdó-Àwáyè yàtọ̀ díẹ̀, mo sì fẹ́ kí á fi í sí ọkàn fún ọdún tí ń bọ̀. Ní apá Òkè-Ògùn ni, ní agbègbè Ìsẹ́yìn. Àtẹ̀gùn 369 ni àwọn ará ibẹ̀ ń kà. Lókè rẹ̀ ni adágún omi Ìyákẹ́ wà, lórí àpáta gan-an, ohun ìyanu tí àwọn arìnrìnàjò fi ń wé èyí tí ó wà ní Colorado ní Amẹ́ríkà. Bí a bá ti kọjá àtẹ̀gùn, orí àpáta ìhòòhò ni a ó máa rìn, a ó sì lo ọwọ́ níbòmíràn. Ẹ̀kọ́ gidi wà níbẹ̀ fún ẹni tí ó ti tẹ àpáta lẹ́ẹ̀kan rí. Ṣùgbọ́n bí òjò àkọ́rọ̀ bá ká wa mọ́ orí rẹ̀, àpáta ìhòòhò tí ó tutù kì í ṣe ibi tí a ń kó ẹni tí kò mọ ẹsẹ̀ gbé lọ. Ìlú náà jìnnà sí ilé ìwòsàn ńlá pẹ̀lú.

Ní ti Zuma, gbogbo wa ni a ti rí i, bí a kò tilẹ̀ mọ̀. Òun ni àpáta tí ó wà lẹ́yìn owó 100 náírà, tí àwòrán Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ sì wà níwájú rẹ̀. Ó dára kí á máa fi sí àpò bẹ́ẹ̀. Ògiri ni ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kì í ṣe ọ̀nà. Àwọn tí ó ti ka ìwé nípa eré yìí yóò tún dárúkọ Hombori ní ilẹ̀ Mali, níbi tí àwọn agunpáta láti ilẹ̀ Faransé àti Spéìnì ti máa ń wá tẹ́lẹ̀ nítorí àwọn àpáta tí ó nà sókè bí ìka ọwọ́. Láti 2012 ni ogun ti gba agbègbè náà, a kò sì lè bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ ìrìnàjò afẹ́ síbẹ̀.

Wàyí o, ó ku Olúmọ. Wọ́n ní ó kéré. Òótọ́ ni pé kò ju 137 mítà lọ sókè ìpele òkun, ṣùgbọ́n ẹni tí ó ń kọ́ ìwé a máa bẹ̀rẹ̀ láti orí álífábẹ́ẹ̀tì, kò sì sí ẹni tí ó ń fi í rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní ìjọba ti ṣe ẹ̀rọ agbénigòkè síbẹ̀. Àwọn bàbá àti ìyá wa tí orúnkún ń dùn ni a ṣe é fún, kí Ọlọ́run bùkún ẹni tí ó rò ó. Lára àpáta kan náà ni ọ̀nà àtijọ́ ṣì wà: àtẹ̀gùn tí a gbẹ́ sára òkúta, àlàfo tóóró láàárín àpáta méjì tí ènìyàn yóò fi ẹ̀gbẹ́ gbà kọjá, àti ibi tí ọwọ́ yóò ti ran ẹsẹ̀ lọ́wọ́. Ọ̀nà yẹn ni kí á gbà. Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá ń gbọ̀n yóò mọ̀ níbẹ̀ pé ó ń gbọ̀n, láìsí pé ẹ̀mí rẹ̀ wà nínú ewu. Ẹni tí ó bá sì rẹ̀ yóò jókòó, kò sì ní ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ tí a ó fi mú un sọ̀ kalẹ̀ sí àárín ìlú ńlá tí ó ní dókítà.

Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ ti ìrọ̀rùn nìkan ni, n kò ní kọ ìwé yìí. Ẹ rántí ìdí tí àwọn baba wa fi ń gun àpáta. Nígbà tí ogun tú ilẹ̀ Yorùbá ká ní ọgọ́rùn-ún ọdún kọkàndínlógún, òkè ni ọ̀pọ̀ ìlú sá sí. Àwọn Ẹ̀gbá tí ogun ti lé kúrò nínú igbó wọn, tí ayé kò sì rọ̀ wọ́n lọ́rùn ní Ìbàdàn, tẹ̀lé Ṣódẹkẹ́ wá sí abẹ́ Olúmọ ní 1830. Orúkọ ìlú náà ń sọ ìtàn rẹ̀ lójoojúmọ́, a kò kàn fetí sí i ni. Lábẹ́ àpáta náà ni a ó rí ihò tí wọ́n sá pamọ́ sí, àti àwọn kòtò kéékèèké lójú òkúta tí a sọ pé àwọn obìnrin fi ń lọ oúnjẹ. Ọmọ wa obìnrin tí ó ti òpópó Ìsọlọ̀ wá, bí ó bá ti ọwọ́ bọ irú kòtò bẹ́ẹ̀, tí ó rí i pé ó ń dán nínú, yóò mọ ohun tí ogun ń sọ ènìyàn dà ju bí olùkọ́ mẹ́wàá ti lè sọ fún un.

Oṣù tí àwọn ọ̀dọ́ mú gan-an bá ibẹ̀ mu. Ní ọjọ́ 3 oṣù kẹta 1851 ni Gezo ọba Dàhòmì kó ogun rẹ̀ dé odi Abẹ́òkúta, tòun ti àwọn obìnrin ológun rẹ̀, a sì lé wọn padà. Ní ọjọ́ 15 oṣù kẹta 1864, Glele ọmọ rẹ̀ tún wá, a tún lé e padà. (Kí ẹnikẹ́ni má fi èyí bú àwọn ará wa ní ilẹ̀ Benin o, ọ̀pọ̀ Yorùbá wà láàárín wọn di òní, ẹni tí ó sì jagun nígbà náà ti kú.) Àyíká oṣù kẹta yìí kan náà ni ọdún Lísàbí sábà máa ń bọ́ sí. Bí a bá sì dúró lórí Olúmọ tí a wo ìsàlẹ̀, a ó rí odò Ògùn, a ó rí òrùlé páànù tí ó ti pọ́n, a ó rí ilé ìsìn Pétérù Mímọ́ ní Aké àti mọ́sálásí ńlá. Ní ìlú tí ó wà nísàlẹ̀ yìí ni Henry Townsend ti bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ Ìwé Ìròhìn ní èdè Yorùbá ní oṣù kejìlá 1859. Ọmọ-ọmọ ìwé náà ni èyí tí ẹ mú lọ́wọ́ yìí.

Ẹ jọ̀wọ́, kí á má ṣe gbà pé nítorí ibẹ̀ rọrùn kò sí ewu rárá. Òjò oṣù kẹta àti oṣù kẹrin kì í pọ̀, ṣùgbọ́n ìjì àti mànàmáná a máa bá a rìn, ọ̀sán sí ìrọ̀lẹ́ ni ó sì sábà máa ń rọ̀. Nítorínáà, òwúrọ̀ ni kí á gun àpáta. Bí ojú ọ̀run bá ṣú, kí a sọ̀ kalẹ̀ lójú ẹsẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má ṣe dúró ya àwòrán lórí ṣóńṣó. Bàtà tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ le tí ó sì ń dán kò wúlò; rọ́bà tí ó rọ̀ ni ó ń di àpáta mú. Ibi tí ewéko tútù tàbí àwọ̀ dúdú bá ti bo ojú àpáta, kí a má ṣe tẹ̀ ẹ́ lẹ́yìn òjò. Ọwọ́ méjì àti ẹsẹ̀ méjì ni a ní: kí mẹ́ta nínú wọn máa wà lára àpáta nígbà gbogbo bí ọ̀kan bá ń wá ibòmíràn. Sísọ̀ ni ó ṣòro ju gígùn lọ, nítorí ojú kì í rí ibi tí ẹsẹ̀ ń lọ, orúnkún sì ti rẹ̀. Kí olúkúlùkù gbé omi lítà méjì. Àwọn baba wa ní ẹni tí yóò jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké. Èmi ń fi kún un pé kí ẹni tí kò wá oyin má ṣe ju òkúta sínú ihò àpáta, nítorí oyin wà níbẹ̀ lóòótọ́, wọn a sì máa lé ènìyàn.

Ọ̀rọ̀ kan tún wà tí ó lè dá ìjà sílẹ̀, ó sàn kí á sọ ọ́ kí á tó jáde. Ojúbọ wà lára Olúmọ, a sì ń bọ ibẹ̀ lọ́dọọdún di òní. Nínú ẹgbẹ́ wa ni ọmọlẹ́yìn Kristi wà, Mùsùlùmí wà, àwọn tí ó ń bọ òrìṣà pẹ̀lú wà. A kò ní kí ẹnikẹ́ni kúnlẹ̀ níbi tí ìsìn rẹ̀ kò gbà. Ṣùgbọ́n ẹni tí a bá ní kí ó bọ́ bàtà, kí ó bọ́ ọ. Ibi tí a bá ní kí á má ṣe dé, kí a má ṣe dé ibẹ̀. Ẹni tí a bá sì rí tí ó fi ṣọ́ọ̀kì tàbí ọ̀dà kọ orúkọ ara rẹ̀ sára àpáta, kí ẹgbẹ́ bu owó ìtanràn lé e. Àpáta tí àwọn onímọ̀ ń fi ọjọ́ orí irú rẹ̀ sí nǹkan bí 600 mílíọ̀nù ọdún kò nílò orúkọ ọmọ Òṣòdì. Bí ààwẹ̀ Ràmádáánì bá sì bọ́ sí ọjọ́ tí a dá, kí á yẹ ọjọ́ náà, nítorí a kò lè ní kí aláàwẹ̀ gun àpáta láìmu omi, a kò sì gbọdọ̀ fi í sílẹ̀ nílé.

Ìmọ̀ràn mi fún ìgbìmọ̀ nìyí. Kí á mú ọjọ́ Sátidé kan. Àwọn tí ó bá fẹ́ ọkọ̀ ojú irin tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ láàárín Èkó àti Ìbàdàn ní 2021 yóò wọ̀ ọ́ ní Agége. Kí wọ́n wo wákàtí rẹ̀ dáadáa, kí wọ́n sì mọ̀ pé ibùdókọ̀ Wọlé Ṣóyínká tí wọn yóò sọ̀ sí wà ní ẹ̀yìn ìlú, wọn yóò tún wọ ọkọ̀ dé Olúmọ. Àwọn yòókù yóò wọ bọ́ọ̀sì ní Òṣòdì ní agogo mẹ́fà òwúrọ̀. Ọ̀nà náà kò pé 100 kìlómítà. Kí a pín ara wa sí mẹ́fà-mẹ́fà, kí ẹni tí ó lọ́ra jù nínú ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan máa ṣáájú, kí ẹni tí ó lágbára jù máa kẹ́yìn. Ní ọ̀sán, kí a lọ sí ọjà Ìtòkú lọ ra àdìrẹ lọ́wọ́ àwọn ìyá tí ó ń rẹ ẹ́, dípò èyí tí a fi ẹ̀rọ tẹ̀ ní òkè òkun. Àdó-Àwáyè ní ọdún tí ó tẹ̀lé e, Ìdànrè ní ọdún kẹta, ọjọ́ méjì gbáko ni kí a sì fún Ìdànrè.

Àwọn tí ó bá fẹ́ lọ, kí wọ́n fi orúkọ lé akọ̀wé ẹ̀ka lọ́wọ́ kí oṣù kejì tó parí, kí ẹni tí ó ní àìsàn ọkàn tàbí ikọ́ èémí sọ ọ́ fún un ní bòókẹ́lẹ́, kí gbogbo wọn sì mú bàtà tí wọn yóò wọ̀ wá sí ìpàdé, kí á yẹ ìsàlẹ̀ rẹ̀ wò.